Ẹrù Tí A Rù Lọ sí Orí Àpáta

Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi lórí fóònù pé a fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ sí State Park, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Páàkì? Mọ́tò ibo lẹ fẹ́ wọ̀?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo ṣàlàyé fún un pé kì í ṣe páàkì mọ́tò. Igbó àti òkè ni, tí ìjọba ìpínlẹ̀ Texas yà sọ́tọ̀, tí wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́lé tàbí kó dáko síbẹ̀. A fẹ́ lọ pàgọ́ níbẹ̀, ká sùn mọ́jú, ká sì gun àpáta. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Ṣé ilé tí ẹ ń san owó rẹ̀ lóṣooṣù ti ń jò ni?"

N kò lè dá a lẹ́bi. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń gbé Houston, n kò sì sun ìta rí láti ọjọ́ tí mo ti dé Amẹ́ríkà. Ní tiwa, ẹni tó bá sun inú igbó, bí kò bá jẹ́ ọdẹ, á jẹ́ pé mọ́tò rẹ̀ ló bàjẹ́ lọ́nà. Àwọn ọmọ ló kó wa sí i. Tọ́míwá, àkọ́bí wa, ní nínú gbogbo ọmọ kíláàsì òun, òun nìkan ni kò tíì sun inú àgọ́ rí. Mo wo ìyàwó mi, ìyàwó mi wò mí. Bí a ṣe gbà nìyẹn.

Ibi tí a mú ni Enchanted Rock, ní àárín gbùngbùn Texas. Láti ilé wa, ó gbà tó wákàtí mẹ́rin àbọ̀ lórí títì. Ẹ ó dé Fredericksburg, ìlú kékeré tí àwọn ará Jámánì tẹ̀ dó ní 1846, ẹ ó wá kọrí sí àríwá bíi máìlì 18. Kí ẹ tó dé ẹnu géètì ni ẹ ó ti máa rí i lókèèrè: àpáta rìbìtì kan, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó yọrí láàárín igi bí orí apárí láàárín èrò ọjà. Ó fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 425 ga ju ilẹ̀ tó wà nídìí rẹ̀ lọ.

Ìdí tí mo fi yan ibẹ̀ ni pé ọmọ Ìdànrè ni mí. Bí mo ṣe rí fọ́tò rẹ̀ báyìí, mo ní, "Àpáta kẹ̀? Àpáta tí wọ́n bí mi sí abẹ́ rẹ̀!" Mo sọ fún ìyàwó mi, tó jẹ́ ọmọ Èkó, pé kó fọkàn balẹ̀, pé a kì í kọ́ ọmọ wa ní òkè gígun. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi yìí ni gbogbo wàhálà náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ìrìn àkọ́kọ́ kò gùn nínú ìtàn, bó tilẹ̀ gùn lójú títì. Ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹta ni, àsìkò tí àwọn ọmọ gba ọlidé. A dé ẹnu ọ̀nà ní aago mọ́kànlá, a bá pátákó níbẹ̀: ọgbà ti kún. N kò kọ́kọ́ lóye rẹ̀. Igbó a máa kún bí? Obìnrin tó wà níbẹ̀ fi sùúrù ṣàlàyé fún mi pé iye mọ́tò tí wọ́n ń gbà wọlé lójúmọ́ ní òǹkà, pé ẹni tó bá fẹ́ wọlé lópin ọ̀sẹ̀ ti gba àyè rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó kúrò nílé. Fún àlọ àárọ̀ àbọ̀ alẹ́, ọjọ́ 30 ṣáájú ni wọ́n ń ṣí i sílẹ̀. Fún ẹni tó fẹ́ sùn, oṣù 5. A padà sí Fredericksburg, a jẹ sọ́sééjì àwọn ará Jámánì, a wakọ̀ padà sílé. Wákàtí mẹ́sàn-án lójú ọ̀nà nítorí sọ́sééjì. Ìyàwó mi kò sọ nǹkan kan títí a fi dé Houston, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá sì ti gbéyàwó mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Ohun kan tí mo ṣàkíyèsí lọ́jọ́ náà ni pé nínú gbogbo mọ́tò tó tò sẹ́nu géètì, n kò rí ju ìdílé aláwọ̀ dúdú kan yàtọ̀ sí wa. Mo sọ ọ́ níbi iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé. Obìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ Texas látilẹ̀wá, àgbàlagbà tó ti fẹ́ fẹ̀yìn tì, gbọ́rí sókè. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, kí wọ́n tó ṣe òfin ẹ̀tọ́ aráàlú ti 1964, irú ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí bàbá òun lè wa mọ́tò lọ pẹ̀lú ọkàn balẹ̀. Pé nígbà tí ilẹ̀kùn sì ṣí, àṣà àtimáa lọ kò sí nílẹ̀ mọ́ láti fi lé ọmọ lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ máa kó wọn lọ, ẹ jọ̀ọ́." Mo ra páàsì ọdún kan lọ́sẹ̀ yẹn. $70 ni, ó sì kó gbogbo ẹni tó bá wà nínú mọ́tò mi wọ ọgbà èyíkéyìí nínú àwọn State Park Texas. Ó ní láti wúlò.

Oṣù kẹfà ni a rí àyè gbà láti sùn. Níbi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe di ẹrù. Ẹni tó bá ti rí Yorùbá tó fẹ́ lọ sóde rí, kí ó fi ti ẹni tó fẹ́ relé láti òkè òkun kún un. Kúlà méjì: ọ̀kan kún fún ẹran díndín àti adìẹ, ọ̀kan fún ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò. Odidi ìkòkò jọ̀lọ́ọ̀fù kan, tí a fi fọ́ìlì bò. Mọ́ínmọ́ín ogún. Sítóòfù àti sílíńdà gáàsì rẹ̀. Àga mẹ́fà, ká má rí i pé àlejò kan dé. Ẹní, ìrọ̀rí, bùláńkẹ́ẹ̀tì onírun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa láti Èkó. Àpò Ghana-Must-Go mẹ́ta tó kún fún aṣọ ọjọ́ méjì. Bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ẹ. Àti sípíkà ńlá, nítorí èmi.

A dé ibẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán, wákàtí tí wọ́n máa ń gba ẹni tó fẹ́ sùn wọlé. Mo béèrè ibi tí n óò gbé mọ́tò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgọ́ wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà lórí káńtà ní mọ́tò kì í dé ibi àgọ́ kankan ní Enchanted Rock, pé ibi ìgbọ́kọ̀sí ni a ó ti ru ẹrù wa. Ó wà lórí ojú ewé tí mo ti gba àyè, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà. N kò kà á. Àwòrán nìkan ni mo wò.

Ìrìn mẹ́fà ni. Mo kà á. Èmi àti Tọ́míwá gbé kúlà àkọ́kọ́, a ń sọ ọ́ kalẹ̀ ní gbogbo ìgbésẹ̀ ogún. Ìyàwó mi gbé ìkòkò jọ̀lọ́ọ̀fù rù, ó fi aṣọ ṣe òṣùká, ó sì ń rìn bí ẹni ń lọ sí ibi ìkómọ. Àwọn òyìnbó tó jókòó nídìí àgọ́ wọn ń wò wá, wọ́n ń juwọ́. Ìdílé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́ta bíi tiwa, kó gbogbo ẹrù wọn sínú ọmọlanke kékeré kan, wọ́n fà á lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n pàgọ́, wọ́n sì ń jẹ èso kí n tó rin ìrìn kẹrin. Nígbà tó yá, bàbá ibẹ̀ dìde, ó fa ọmọlanke rẹ̀ wá, ó ní kí n máa lò ó. N kò mọ̀ bóyá àánú mi ló ṣe é ni, tàbí ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa wò mí.

Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí bẹ́ẹ̀dì, iná mànàmáná ló ń lò. Kò sí iná níbi àgọ́ wọ̀nyẹn. Ó yẹ kí n ti mọ̀ ọ́n nígbà tí mo ń dì í.

Bí a ṣe parí rẹ̀, ó ti ń lọ sí aago mẹ́rin, òógùn ti wẹ̀ wá. Ẹni tó bá gbọ́n á jókòó sábẹ́ igi. Ṣùgbọ́n àpáta yẹn dúró sí ọ̀kánkán wa, ó ń wò mí. Mo bojú wo orí máàpù: Summit Trail, máìlì 0.8 sí òkè. Kò tó láti ilé wa sí ọjà. Mo ní ká lọ gùn ún ká padà wá jẹun. Ìyàwó mi ní, "Bàbá Tọ́míwá, ṣé oòrùn yìí kò pọ̀ jù?" Mo ní, "Ìyá Tọ́míwá, ẹ ti gbàgbé ibi tí ẹ ti fẹ́ mi." Ìwọ̀n ooru lọ́jọ́ náà jẹ́ 102 ní ti Fahrenheit, ìyẹn nǹkan bíi 39 ní ti Celsius. Ẹni márùn-ún ni wá. Omi tí a mú dání kò ju ìgò mẹ́ta lọ, ìgò pẹ́ńpẹ́ tí wọ́n ń pín níbi ìpàdé. Gbogbo ohun tí a rù láti inú mọ́tò, ohun mímu dídùn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ìsàlẹ̀ dára. Ọ̀nà náà gba àárín òkúta àti igi kéékèèké, àwọn ọmọ ń sáré síwájú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá bọ́ sórí àpáta gan-an, igi tán. Kò sí ìbòòji. Òkúta náà sì ti mu oòrùn láti àárọ̀, ó ń dá a padà: oòrùn ń pa yín látòkè, àpáta ń yan yín nísàlẹ̀, bí bọ́ọ̀lì láàárín ẹ̀ẹ́dú. Mo gbọ́ ooru náà gba ìsàlẹ̀ bàtà mi wọlé. Sálúbàtà ni Ìní, àbíkẹ́yìn wa, wọ̀. Mo gbé e kọ́rùn.

A ti rìn kọjá ìdajì nígbà tí mo wẹ̀yìn tí mo rí Àánú, ọmọ ọdún mẹ́wàá, tó jókòó. Ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó ní, "Dádì, orí ń fọ́ mi." Mo ní kó dìde, ó kù díẹ̀. Ó dìde, ó rin ìgbésẹ̀ mélòó kan, ó sì bì. Mo fọwọ́ kan ara rẹ̀, ó gbóná janjan. Ohun tí mo wá rántí títí di òní ni pé ìgò omi tó wà lọ́wọ́ mi nígbà náà, ohun tó kù nínú rẹ̀ kò ga ju ìka méjì lọ, gbogbo ìyókù sì ti gbẹ. Mo dúró sórí àpáta yẹn, ọmọ Ìdànrè, mo ń gbọn ìgò bí ẹni pé omi á wá látinú gbígbọ̀n.

Obìnrin kan tó ń sọ̀ kalẹ̀, tó dé fìlà gbẹ̀gẹ̀dẹ̀, ló rí wa. Kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó gbé Àánú lọ sí ẹ̀gbẹ́ òkúta ńlá kan tó ní òjìji díẹ̀. Ó tú omi sórí aṣọ ọrùn rẹ̀, ó fi lé ọmọ náà lọ́rùn àti ní abíyá, ó ń fi fìlà fẹ́ ẹ. Ó fún un lómi díẹ̀díẹ̀, kò jẹ́ kó gbé e mì gbùú. Nígbà tí ojú ọmọ náà tún padà ní ìmọ́lẹ̀, ó wá kọjú sí mi, ó bi mí pé omi mélòó ni mo gbé. Mo fi ìgò hàn án. Kò bá mi jà. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ó kàn ní nínú irú ooru báyìí, ẹnì kọ̀ọ̀kan ló yẹ kó gbé ti tirẹ̀, bíi lítà kan fún wákàtí kan, àti pé nígbà tí omi bá ti dé ìdajì, ẹsẹ̀ á yí padà sílé, kódà bí ẹ bá ń wo góńgó òkè náà lójú kòrókòró. A kò dé òkè lọ́jọ́ náà. Ó bá wa sọ̀ kalẹ̀ títí a fi rí òṣìṣẹ́ ọgbà, tó yẹ ọmọ náà wò, tó sì sọ àmì tí a ó máa ṣọ́ fún wa: bó bá ń sọ̀rọ̀ kántankàntan, tàbí kò lè mu omi dúró, ilé ìwòsàn ni, kì í ṣe àgọ́.

Àánú sùn fún wákàtí méjì nínú àgọ́. Ìyàwó mi jókòó tì í, ó ń fẹ́ ẹ. Èmi jókòó síta pẹ̀lú kúlà méjì àti ìkòkò jọ̀lọ́ọ̀fù. Kò wá sẹ́nikẹ́ni nínú wa láti jẹun. Nígbà tó di òru, a gbọ́ tí nǹkan ń ṣí nǹkan. Mo tan tọ́ọ̀ṣì. Ẹranko mẹ́ta tó jọ pé wọ́n fi dúdú kun ojú wọn bí ẹni wọ gíláàsì, raccoon ni wọ́n ń pè é, ti ṣí kúlà ẹran, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di itan adìẹ mú bí èèyàn. Ọ̀kan bojú wò mí, kò dá jíjẹ dúró. Wọ́n ti kọ ọ́ sára pátákó pé kí a kó oúnjẹ sínú mọ́tò lálẹ́. Pátákó náà, n kò kà á.

Ẹ̀rín àwọn ọmọ ló jí Àánú. Ó jáde wá, ó mu omi, ó gbójú sókè. Ó ní, "Dádì, ẹ wo òkè." Ọgbà náà wà lára àwọn tí wọ́n fún ní oyè Dark Sky Park láti 2014, ìyẹn ni pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń dín iná kù kí òkùnkùn lè jẹ́ òkùnkùn. Ìràwọ̀ bo ojú ọ̀run bí iyọ̀ tó dà sórí aṣọ dúdú. N kò rí i bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí mo wà lọ́mọdé, nígbà tí NEPA bá mú iná lọ ní Ìdànrè. Mo sọ fún wọn pé àwọn Tonkawa, tí wọ́n wà lágbègbè náà kí òyìnbó tó dé, gbà pé iná àwọn ẹ̀mí ń tàn lórí àpáta yẹn lóru, àti pé àwọn èèyàn ń gbọ́ tí ó ń kérora. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ní òkúta tó ti gbóná lọ́sàn-án ló ń sún kì nígbà tí òtútù bá mú un. Ìní béèrè pé èwo ni òótọ́. Mo ní kó fetí sílẹ̀. A fetí sílẹ̀ títí oorun fi gbé wọn lọ.

Nígbà tí ìyá mi wá kí wa lóṣù kọkànlá, àwọn ọmọ ti sọ ìtàn yìí fún un tán kí n tó gbé àpótí rẹ̀ wọlé. Ó kọjú sí mi. "Aago mélòó lo ní ẹ gun òkè?" Mo ní aago mẹ́rin ọ̀sán. Ó ní, "Ta ló kọ́ ọ?" N kò fèsì. Ó ní, "O ò gun òkè Ìdànrè ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ láyé rẹ, ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo sì mú ọ lọ́wọ́ dání. Ìdájí la máa ń lọ. Ìwọ lo kàn ń sùn lẹ́yìn mi." Òótọ́ ni. Ohun tí mo pè ní ogún ìdílé, ẹ̀yìn ìyá mi ni mo ti rí i.

Òun ló ní ká padà lọ.

Lọ́tẹ̀ yìí, òun ló di ẹrù. Ó kó jọ̀lọ́ọ̀fù kúrò. Ó ní oúnjẹ ọ̀nà ti wà láti ayébáyé, pé kí ló dé tí a ń wá a. Gàrí, kúlíkúlí, ẹja gbígbẹ, àádùn, dòdò Ìkirè tó gbé wá láti ilé. Kò sí èyí tó nílò yìnyín nínú wọn, kò sí èyí tó wúwo. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ẹ̀yà oúnjẹ tí àwọn ilé ìtajà ńlá ń tà ní ọ̀pọ̀ dọ́là fún àwọn tó ń lọ pàgọ́, tí wọ́n ń gbẹ tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá, kò gbọ́n tó gàrí. Ohun kan péré tó ń béèrè ni omi, omi ni a sì rù jù lọ. Ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé tirẹ̀ sẹ́yìn. Àánú gbé méjì. Ìrìn kan ṣoṣo ni a fi kó gbogbo ẹrù wa láti inú mọ́tò.

Ìjà kan ṣẹlẹ̀, kékeré. Ìyá mi rí igi gbígbẹ káàkiri ilẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á jọ fún iná àṣálẹ́. Òṣìṣẹ́ ọgbà kan ń kọjá, ó fi ọ̀wọ̀ sọ fún un pé a kì í ṣẹ́gi níbẹ̀, pé igi tó bá jẹrà ló ń di ilẹ̀, ló sì ń fi ilé fún kòkòrò. Ẹni tó bá fẹ́ dáná á ra igi tí wọ́n dì. Mo túmọ̀ rẹ̀. Ìyá mi wo igi tó wà lápá rẹ̀, ó wo igbó, ó wò mí. "Sọ fún un pé mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n bi í pé ṣé ẹni tó ń ta igi fún wọn, kì í ṣe inú igbó ló ti ń ṣẹ́ ẹ?" N kò túmọ̀ ìyẹn. Mo lọ ra igi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó jí wa láago márùn-ún. Òfin ọgbà ni kí ariwo má sí láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀, àdúrà ìyá mi kì í sì í ṣe àdúrà tí ẹnikẹ́ni ń gbà sínú. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó fi ìborùn bo ẹnu, ó gbà á wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, tó fi jẹ́ pé Ámín tiwa ló pariwo jù. Nígbà tí oòrùn ń yọ, a ti wà lẹ́sẹ̀ àpáta.

Ẹni ọdún 71 ni. Kò yára. Ó ń rìn ní ìdábùú, kì í dojú kọ òkè náà tààrà, ó ń gbé ẹsẹ̀ lélẹ̀ pẹrẹsẹ kí gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ lè di òkúta mú. Ó ní kí àwọn ọmọ máa tẹ̀ lé ìpasẹ̀ òun. Òkúta tútù. Ojú rẹ̀ ń bó ní ìpele ìpele bí àlùbọ́sà. Wọ́n ní òkúta náà ti tó bílíọ̀nù ọdún kan, abẹ́ ilẹ̀ ló sì ti dì kí ohun tó bò ó tó ṣí kúrò. A dúró lẹ́ẹ̀mẹ́rin mu omi kí ó tó ṣẹ́ku ìdajì. Igún méjì ń yí po lókè wa. Ìyá mi wò wọ́n, ó ní, "Ẹ máa bá tiyín lọ, kò sí òkú níbí."

A dé òkè kí aago tó lù mẹ́sàn-án. Òjò ti rọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, omi sì dúró nínú àwọn kòtò pẹlẹbẹ tó wà lórí àpáta. Ìní ló kọ́kọ́ rí wọn: nǹkan wínníwínní, ó mọ́ gaara, ó ń lúwẹ̀ẹ́ ní ìdojúdé. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Edé ni! Edé lórí àpáta!" Kò jìnnà sí òótọ́, fairy shrimp ni orúkọ rẹ̀. Bí omi bá gbẹ, ẹyin wọn a wà nínú erùpẹ̀ ìdí kòtò, á máa retí òjò, nígbà tí òjò bá sì dé, wọ́n á tún pa. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí ẹnikẹ́ni má tẹ inú kòtò wọ̀nyẹn, kódà nígbà tó bá gbẹ táútáú. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá rí kòtò gbígbẹ, bí ilẹ̀ lásán ni n óò ṣe gbà á kọjá.

A jókòó, a bu gàrí. Ìyá mi ń wo ilẹ̀ tó tẹ́ lọ lábẹ́ wa. Àánú bi í pé ṣé bí òkè Ìdànrè ṣe rí nìyí. Ó ní tiwọn ju èyí lọ fíìfíì, pé odidi ìlú ló wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ààfin ọba wà níbẹ̀, ìlú kò sì sọ̀ kalẹ̀ àfi ní 1923. Ìyá tirẹ̀ wà lára àwọn ọmọdé tí wọ́n pọ̀n sọ̀ kalẹ̀. Mo rántí pé ọdún yẹn náà ni Texas dá ìgbìmọ̀ àwọn State Park rẹ̀ sílẹ̀: níbì kan, èèyàn ń fi orí òkè sílẹ̀, níbì kejì, ìjọba ń wá òkè tí èèyàn yóò máa lọ gùn. Enchanted Rock gan-an wà lọ́wọ́ aládàáni títí di 1978.

Àánú ní, "Màmá àgbà, kí ni wọ́n kó sọ̀ kalẹ̀?"

Ìyá mi gbọn ìyókù gàrí sẹ́nu, ó nu ọwọ́. "Ohun tí orí bá lè rù lẹ́ẹ̀kan náà ni. Ta ni yóò tún padà gun òkè lọ gbé àga?"

Ìyàwó mi wò mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í di àwọn ìgò òfìfo padà sínú àpò.

Ìyá mi ti padà sílé báyìí. Nígbà tí mo pè é lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní òun ti sọ fún àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òun ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ní Amẹ́ríkà, àwọn èèyàn ń fi oṣù 5 gbàyè, wọ́n ń sanwó, kí wọ́n lè fi ilé sílẹ̀ lọ sun ilẹ̀ẹ́lẹ̀ nídìí àpáta, wọ́n sì ń ra igi ìdáná nínú igbó. Wọ́n ní ọkọ̀ òfurufú ti yí i lórí. Ó ní kí n fi fọ́tò tí a yà pẹ̀lú edé yẹn ránṣẹ́ kíákíá.